Ẹ má fi dídán yan ọ̀dà fún ilé onígi

Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lójú ewé ilé kíkọ́ nínú ìwé ìròyìn yín, wọ́n gba ẹni tó bá fẹ́ fi ìtì igi kọ́lé nímọ̀ràn pé kó kun fẹ̀níì aláìláwọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì lọ fọkàn balẹ̀. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ igi àti ọ̀dà láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò lè dákẹ́ sí i. Àwọn tó ń fi ìtì tíìkì kọ́ àgọ́ ìgbafẹ́, ilé àlejò àti bàrándà ń pọ̀ sí i níhìn-ín. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn, owó méjì ni wọ́n máa san: owó kíkùn, àti owó fífá a kúrò. Owó fífá ló máa ń ju ti kíkùn lọ.

Fẹ̀níì, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní fáníìṣì, awọ ló máa ń dì sójú igi. Awọ yẹn le, ó mọ́, ó ń dán, ó sì máa ń wu ẹni tó bá ń sanwó. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé igi kì í dúró sójú kan. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́, awọ líle kò sì lè bá a na ara bẹ́ẹ̀ pẹ́. Yóò sán níbìkan, sísán tí ojú lásán kò tíì rí. Omi á gba ibẹ̀ wọlé. Kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ẹ wá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé kan tí wọ́n ti kun bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì, èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń mú. Ní Àjàṣẹ́, ẹ kò ní wá a jìnnà, àwọn fèrèsé onígi ilé àwọn Àgùdà pọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí òjò ti ń ta sí. Ẹ óò rí àbàwọ́n funfun lábẹ́ dídán náà, bí ìgbà tí omi wọ abẹ́ gíláàsì aago. Ẹ fi èékánná gbé etí rẹ̀, á ká sókè bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ wá yí èèpo náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: okùn igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ eérú, ló lẹ̀ mọ́ ọn. Fẹ̀níì kò jábọ́ lára igi níbẹ̀ yẹn. Ojú igi fúnra rẹ̀ ló jábọ́, tó bá fẹ̀níì lọ.

Ohun tó fà á rèé. Okùn tíntìntín ló para pọ̀ di igi, àtè kan ló sì so wọ́n mọ́ra. Lignin ni àwọn onímọ̀ ń pe àtè náà. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìtànṣán kan wà tí ojú kò lè rí, òun ló ń ba lignin jẹ́. Fẹ̀níì aláìláwọ̀ mọ́ gaara bí fèrèsé, nítorí náà ìtànṣán yẹn á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì lọ bá igi lábẹ́. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà, gíláàsì tó nípọn lẹ ṣe yẹn.

Àwọ̀ ló ń dá ìtànṣán yẹn dúró. Inú ọ̀dà igi tó dára ni ìyẹ̀fun àwọ̀ máa ń wà, èyí tó pupa tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì jẹ́ ìyẹ̀fun irin tó ti dógùn-ún, ohun kan náà tó sọ ilẹ̀ Kétu di pupa. Ìyẹ̀fun yìí kì í ṣá kíákíá, ó sì ń ṣíji bo igi. Ìdí nìyí tí ọ̀dà aláwọ̀ fi ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n kọ «incolore» (aláìláwọ̀) sí lọ, bí wọ́n tilẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kan náà.

Agolo mẹ́ta ni oníbàárà máa ń bá lórí àtẹ ní ilẹ̀ wa, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ ohun tó wà lára wọn. «Vernis» ni fẹ̀níì tí a ti sọ yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì inú ilé, ibẹ̀ ló ti wúlò. «Lasure» ni èkejì: ó ń wọnú igi díẹ̀, ó sì ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lókè, awọ tó ń jẹ́ kí ìrì inú igi jáde. Oríṣi méjì ni òun náà. Èyí tó ṣàn bí omi, tí wọ́n kọ «imprégnation» sí, ń wọlé dáadáa. Èyí tó ki bí ògì, tí wọ́n máa ń kọ «gel» tàbí «haute protection» sí, ti ń sún mọ́ fẹ̀níì, òun náà lè bó bí ó bá pẹ́. Ẹ̀kẹta ni «saturateur», òróró tó ń wọnú igi pátápátá láìdi awọ kankan. Kì í dán. Kì í pẹ́ lọ́dún bíi lasure, àmọ́ kì í bó láéláé, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ bó. Ó kàn ń ṣá ni, ẹ óò sì kun òmíràn lé e láìfá ohunkóhun.

Èwo ni kí a mú? Tiwa ni pé, fún ìtì tíìkì, ìrókò tàbí igi apá tó wà níta gbangba, ẹ mú saturateur aláwọ̀ tí wọ́n kọ «bois exotiques» (igi ilẹ̀ olóoru) sí. Bí igi náà bá rọ̀, tàbí tí ògiri náà wà lábẹ́ òrùlé tó yọ síta dáadáa, lasure tó ń ṣàn dára fún un. Ẹ má yan àwọ̀ tó mọ́ jù, ẹ má sì yan èyí tó dúdú biribiri, nítorí igi dúdú máa ń gba ooru gan-an, ooru a sì máa jẹ́ kó sán. Àwọ̀ tó wà láàárín, irú tí wọ́n ń kọ «teck» tàbí «chêne moyen» sí, ni ti ilẹ̀ wa.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kan lára agolo: «fongicide». Òun ló ń sọ pé oògùn tí kì í jẹ́ kí igi bu wà nínú rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ibi gbígbẹ bíi Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Òróró «lin» (òróró èso ọ̀gbọ̀) lásán, tí àwọn kan fẹ́ràn nítorí pé ó jẹ́ ti ewéko, oúnjẹ ni fún ohun tó ń mú igi bu. Kí òjò kan tó tán, ògiri á ti kún fún àmì dúdú bí ẹni da ẹ̀édú sí i.

Àwọn kan á ní kí la ń da ara wa láàmú fún, ṣebí epo ẹ́ńjìnì tó ti dúdú wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Epo yẹn kì í gbẹ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í á gbé e relé lára agbádá. Òjò á máa fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòun ti àjẹkù irin inú ẹ́ńjìnì, bí kànga bá sì wà nítòsí, ẹ mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó burú jù lójú oníṣẹ́ ni pé kò sí ọ̀dà gidi tó lè di igi bẹ́ẹ̀ mú mọ́. Ẹ lè fá a kí ẹ fi acétone, omi tó ń fọ ọ̀rá àti ọ̀dà kúrò, nù ún títí, bí oòrùn bá ràn á, epo tó kù nínú á tún làágùn jáde.

Ilé ìtì igi gan-an, èyí tí wọ́n ń to ìtì lé ara wọn láti ìpìlẹ̀ dé àjà, Finland, Rọ́ṣíà àti àríwá Amẹ́ríkà ló pọ̀ sí. Páìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, igi rírọ̀ tó ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti ń mu omi. Ìlànà ara agolo, irú igi bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń bá wí, bákan náà ni iye ọdún tí wọ́n kọ sí i: ojú ọjọ́ tiwọn ni. Níbí, ẹ má retí ju ọdún kan lọ lára saturateur níbi tí oòrùn ti ń pa á, tàbí ọdún méjì sí mẹ́ta lára lasure. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́.

Ohun mìíràn tí ìwé òkè òkun máa ń sọ ni pé ògiri gúúsù ló ń jìyà jù. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń gba orí òrùlé kọjá lọ́sàn-án, ojú ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló sì ń mú ní tààrà. Ìjì tó ń ṣáájú òjò ńlá máa ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ wá, tó ń gbá omi lu ògiri. Nítorí náà ògiri ìlà-oòrùn ń jẹ oòrùn àárọ̀, ó tún ń jẹ ẹgba òjò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kun ìgbà kan lé ti àwọn yòókù.

Kí a tó kan ọ̀dà, ọ̀rọ̀ igi fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìtì tíìkì tí wọ́n ń tà káàkiri, igi kékeré ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ gé orí ọ̀kan kí ẹ wò ó: àárín rẹ̀ pọ́n bí oyin, etí rẹ̀ funfun. Àárín yẹn ni òkìkí tíìkì ń tọ́ka sí. Funfun etí rẹ̀, ikán ń jẹ ẹ́, kòkòrò ń lu ú, ó sì ń jẹrà bí igi yòówù. Nínú ìtì tí kò ju apá ọmọdé lọ, funfun yẹn lè pọ̀ ju àárín pípọ́n náà, ìyẹn ọkàn igi, lọ. Lasure kì í ṣe oògùn ikán. Bí ìtì yín bá funfun púpọ̀, oògùn igi tí wọ́n kọ «anti-termites» sí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á, kó gbẹ, kí ọ̀dà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ òpó bá sì máa wọnú ilẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ «classe 4» sí. «Classe 3» kò ju ti igi tó wà níta ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ sàn kí ẹsẹ̀ igi kankan má kan ilẹ̀ rárá. Ẹ gbé ìtì àkọ́kọ́ lé orí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí òjò tó ń ta láti ilẹ̀ má bàa fi ẹrẹ̀ pupa kun ún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán. Ẹni tó bá ti dé Àkábà Ìdènà níbí, ẹnubodè ìlú àtijọ́, á rántí pé inú ilé, lábẹ́ òrùlé, ni wọ́n fi ilẹ̀kùn onígi rẹ̀ sí.

Ìtì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún fá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín èèpo àti igi, awọ rírọ̀ tó ń yọ̀ bí ilá nígbà tí igi tútù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gbójú fò ó. Bó bá gbẹ mọ́ igi, orí rẹ̀ ni ọ̀dà á dúró lé, ọjọ́ tó bá sì bó, tòun ti ọ̀dà ni. Ẹ wá to ìtì náà síbi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ pààlà sáàárín wọn. Ìtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 kò lè gbẹ láàárín oṣù mẹ́ta, ohun yòówù kí olùtajà sọ. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, ẹ gbé ìtì kan lé òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ bó ṣe lè gbẹ. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ bo apá kan ìtì náà, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ pa ṣinṣin ní alẹ́. Bí ọ̀rá bá làágùn nínú ní òwúrọ̀, ẹ ní sùúrù.

Àwọn kan ń sọ pé kí a kọ́ ilé náà tán, kí a fi igi rẹ̀ sínú oòrùn fún oṣù mẹ́fà «kó lè mọ ojú ọjọ́» kí a tó kùn ún. Èyí kò dára. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni oòrùn ti ń ba ojú igi jẹ́, ọ̀dà tí ẹ bá sì kun lé ojú tó ti kú, kò ní dì í mú. Abẹ́ ìbòòji ni kó ti gbẹ. Bí ẹ bá ti fi bébà oníyanrìn họ ọ́, ẹ kùn ún láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Lórí bébà yẹn, ẹ má lo èyí tó kúnná jù. Nọ́ńbà 60 tàbí 80 ló tọ́. Bí ẹ bá dé 150 tàbí 180, igi á máa dán lọ́wọ́, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ẹ ti dí àwọn ihò tí ọ̀dà ìbá gbà wọlé. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i láti dán an wò: bí igi bá mu ún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti ṣe tán. Bí omi bá jókòó lé e bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò, ẹ tún un họ. Ẹ má sì lo ìrun irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, wóróro rẹ̀ á kù sínú igi, á sì di àmì dúdú nígbà òjò àkọ́kọ́. Ìṣó lásán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ìrókò àti apá, nítorí ohun kíkorò tó wà nínú igi náà máa ń di dúdú bí tàdáwà nígbà tó bá bá irin pàdé nínú omi. Ìṣó «inox» (irin tí kì í dógùn-ún) ni kí ẹ kàn, tàbí èyí tí wọ́n fi síǹkì bò dáadáa.

Olúkúlùkù igi ló ní àléébù tirẹ̀. Tíìkì ní òróró, ẹ fi àkísà àti acétone nù ún, kí ẹ sì kùn ún lọ́jọ́ kan náà kí òróró míì tó sun jáde. Ìrókò a máa dí ọ̀dà olóròóró lọ́wọ́ láti gbẹ. Bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lọ́jọ́ kẹta, ohun tó fà á nìyẹn, ọ̀dà olómi sì máa ń bá a rẹ́ jù. Ẹruku rẹ̀ náà kò dára fún imú, ẹ fi nǹkan bo imú yín. Apá ń sun omi pupa rúsúrúsú jáde nígbà òjò, ẹ má jẹ́ kó wà lókè ògiri tí ẹ kun ní funfun.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ọ̀dà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lára agolo, wọ́n á kọ ọ́ pé lítà kan tó fún mítà 10 tàbí 12 níbùú-lóòró. Lórí pákó tí wọ́n ti fá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìtì kò tẹ́jú. Ẹ mú ògiri kan tó fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní mítà 3. Lójú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, mítà 12 níbùú-lóòró ni. Ṣùgbọ́n ìlàjì ìtì kọ̀ọ̀kan ló yọ síta, ojú rẹ̀ tó ṣù sì fẹ̀ ju títẹ́jú lọ ní ìlọ́po 1.57. 12 lọ́nà 1.57 jẹ́ bíi mítà 19. Ìtì tí a fi nọ́ńbà 60 họ, tí funfun rẹ̀ pọ̀, ń mu lítà kan lórí mítà 5 nígbà àkọ́kọ́, àti lítà kan lórí mítà 9 nígbà kejì. Lítà 4 nìyẹn, pẹ̀lú lítà 2 àti díẹ̀. Ẹ fi ìlàjì lítà kún un fún orí àwọn ìtì. Agolo lítà 5 kan àti ti lítà 2.5 kan ló máa tó ògiri kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó fi ojú agolo ṣírò á ra lítà 2. Bó bá dé àárín ògiri tí ọ̀dà tán, akunlé á bẹ̀rẹ̀ sí í là á, a sì ti rí i tí wọ́n ń fi kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù etí títì, là á. Yàtọ̀ sí iná tó lè ràn, ìyẹ̀fun àwọ̀ á fọ́n ká, igi náà á sì dà bí aṣọ tí aró kò mú délẹ̀.

Bí ọkàn igi nìkan ni, ẹ dín in kù. Ìrókò àti apá kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi dandan kùn ún lẹ́ẹ̀kejì bí kò bá mu ún mọ́, nítorí ohun tí igi kò mu ló máa di awọ lókè.

Ìgbà tó dára jù láti kùn ún ni ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín December sí February, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gidi, erùpẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì mú kó gbẹ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí ìrì òwúrọ̀ lọ tán. Ẹ kùn níbi tí òjìji wà, kí ẹ máa tẹ̀ lé òjìji yí ilé ká: ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, ìlà-oòrùn lọ́sàn-án. Ẹ fi ọ̀pá ro agolo láti ìsàlẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun àwọ̀ a máa sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rò ó, ìdajì ilé rẹ̀ á mọ́, ìdajì á dúdú. Bí agolo bá ju ọ̀kan lọ, ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sínú báàfù kan.

Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ fọ́n ọn, ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ mú ìtì kan láti orí dé ìdí kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn, ẹ má dúró láàárín. Ibi tí tútù bá ti gun gbígbẹ, àmì rẹ̀ kò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ẹ fi àkísà nu gbogbo èyí tó bá ṣì ń dán lójú igi.

Àkísà yẹn ńkọ́? Bí òróró «lin» bá wà nínú ọ̀dà náà, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bó bá sì wà ní ìkójọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ le.

Orí ìtì, níbi tí ayùn ti gé e, ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò inú igi gba òró ìtì lọ láti ìdí dé orí, bí ìdì koríko bẹẹrẹ, nítorí náà omi ń yára gba ojú gígé wọlé lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ bu ọ̀dà sí i, kí ẹ dúró, kí ẹ tún bù ú, títí kò fi ní mu mọ́. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Igun ilé, níbi tí orí àwọn ìtì ti yọ jáde, ni kí ẹ ti ṣe é dáadáa jù, ibẹ̀ gan-an ni akunlé sì máa ń sáré kọjá nítorí pé kò hàn láti iwájú.

Ìtì máa ń sán bó ṣe ń gbẹ, kì í ṣe àrùn. Ẹ kàn wo ibi tí sísán náà kọjú sí. Èyí tó ṣí sísàlẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ki ọ̀dà bọ inú rẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi tó bá wọlé á rí ọ̀nà jáde. Èyí tó ṣí sókè, àwo omi ni. Bí ó bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ẹ kun inú rẹ̀, kó gbẹ, ẹ ti okùn fóòmù bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi mástíìkì, àtè tí wọ́n fi ń dí ihò, dí i lókè. Ẹ má ra ti silíkóònù, ọ̀dà kì í dì í mú, ìlà funfun rẹ̀ á sì máa fi yín ṣẹ̀sín títí ọjọ́ ayé.

Ẹni tó ti kun fẹ̀níì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kò sí àbùjá níbẹ̀. Saturateur kò lè gba inú fẹ̀níì wọlé. Ẹ fá gbogbo rẹ̀ dé igi tó mọ́, títí aláwọ̀ eérú á fi tán. Ẹ má fi ẹ̀rọ omi tó ń tú gbì fọ̀ ọ́, ó máa ń hú okùn igi sókè bí irun ewúrẹ́. Bó bá ti bu, ẹ po Javel (bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun) ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó ọjọ́ mélòó kan tí oòrùn mú kí ẹ tó kan ọ̀dà.

Lọ́dọọdún, bí òjò November bá ti dá, ẹ bu omi kọ́ọ̀bù kan, kí ẹ wọ́n ọn sára ògiri kọ̀ọ̀kan. Níbi tí omi bá ti ń yí kúlúkúlú bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe nǹkan kan. Níbi tí igi bá ti mu ún tó sì dúdú, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré. Ìlà-oòrùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ògiri àríwá lè má tíì fẹ́ nǹkan kan ní ọdún yẹn, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwa gbẹ́nàgbẹ́nà àti akunlé díẹ̀,
Kétu